Erin Tó Dúró Létí Kòtò

Ní ọdún 1973, oríṣi owó mẹ́ta là ń ná nínú ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ìjọba Gowon ti kó náírà àti kọ́bọ̀ jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà, náírà sì ni àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn wá gbé aṣọ òfì ń kà sí baba mi lọ́wọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò tíì gbà pé pọ́n-ùn ti lọ. Bí wọ́n bá fún un ní náírà kan, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ṣílè mẹ́wàá nínú ara rẹ̀, kó tó mọ iye ẹ̀kọ tí yóò kà fúnni. Nígbà tó bá wá di alẹ́, tí àwa ọmọ bá ti nà sórí ẹní, owó ẹyọ ló kù tí à ń ná, nítorí òun nìkan ni Ìjàpá mọ̀. Ọ̀kẹ́ kan ni Ìjàpá ń yá lọ́wọ́ àna rẹ̀, ọ̀kẹ́ kan náà ni kì í fẹ́ san. 20,000 ẹyọ ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ iye kọ́bọ̀ tó wà nínú náírà.

A kò tíì fa iná mànàmáná wọlé nígbà náà. Bí ojú kò bá ti lè rí òwú mọ́, àwọn ahunṣọ àdúgbò á sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ariwo òfì tó ti ń dún láti àárọ̀ á sì máa rọlẹ̀ láti ilé kan dé èkejì. Baba á gba mọ́ṣáláṣí lọ láti kírun Iṣái. Ìyá á gbé igbá ẹ̀gúsí sáàárín itan, á fa àtùpà mọ́ra, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò pa á fún wa lọ́wọ́ òfìfo rí. Bí a bá bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án pé kó pa á, kì í fi èèwọ̀ dẹ́rù bà wá bí àwọn ìyá mìíràn ti ń ṣe. Yóò kàn ní, "Ta ni yóò bá mi kiri ẹ̀kọ bí mo bá jókòó ti Ìjàpá?" Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Àlọ́ àpamọ̀ ló ń ṣíwájú. Ìyá gbà pé bí a ṣe ń wá òṣùká kí a tó gbẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á jí orí àwọn ọmọ kí ìtàn tó wọ ibẹ̀. Èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ti awẹ́ obì tí ènìyàn jẹ títí tó fi dé Ọ̀yọ́ tí kò tán. Àbúrò mi tí kò tíì lè pe "ahọ́n" dáadáa á yọ tirẹ̀ síta, á máa fi ìka tọ́ka sí i. Ìyá a tún máa dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó bi wá lálẹ́ ọjọ́ kan pé: ó jókòó sójú kan, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀nà tó rìn ni wọ́n ń tà lọ́jà, kí ni o? A dárúkọ gbogbo ohun tó wà nílé, ó ní rárá. Nígbà tó yá ló wá sọ pé baba wa ni, nídìí òfì. Lọ́jọ́ kejì mo lọ lúgọ sẹ́yìn ògiri, mo ń wo ẹsẹ̀ baba mi lórí ìtẹsẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí aṣọ ṣe ń gùn níwájú rẹ̀. Lóòótọ́ ni baba ń rìn.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá á ké pé, "Àlọ́ o!" Àwa náà á ké pé, "Àlọ̀!" Bí ohùn wa bá dẹ̀, kò ní í tẹ̀ síwájú, á tún un ké títí a ó fi jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Orin ló ń gbé àlọ́ àpagbè rìn, Ìyá ló ń lé orin, àwa la ni ègbè. Kò lè dá a kọ. Bó bá lé e tí kò rí ẹni gbè é, Ìjàpá yóò dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, kò ní í rí ibi lọ.

Ègbè yìí náà ni Ìyá fi ń mọ ẹni tó ti sùn, láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí rẹ̀. Ohùn àbúrò mi ló ń kọ́kọ́ sọnù, èmi á tẹ̀ lé e. Alágídí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbe orin lójú oorun, tí ẹnu yóò máa jíṣẹ́ nígbà tí ọkàn ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá gbọ́n jù ú lọ. Bó bá fura, á yí ègbè náà padà díẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbe ti tẹ́lẹ̀, Ìyá á rẹ́rìn-ín, á gbé igbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì pa àtùpà.

Èyí tí a máa ń bẹ̀ ẹ́ fún jù ni àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Babaláwo sè àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá tí yóò gbé e délé pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ pọ̀ jù fún ọkùnrin náà. Ó tọ́ ọ wò, ó tún un tọ́, ó lá ìkòkò mọ́, ni ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń fi orin bẹ̀bẹ̀, irọ́ sì ni orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá máa ń kọ ọ́. Ní àkọ́kọ́, á yá a bí ẹni tí ń sáré. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ikùn ti tóbi, á fà á. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á máa mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, àbúrò mi á sì di ikùn tirẹ̀ mú. Ègbè wa kò ju ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lọ, gbogbo ara la sì fi ń gbè é. A mọ̀ pé irọ́ ni Ìjàpá ń pa. A ń gbè é fún un síbẹ̀.

N kò ro èyí sí nǹkan kan títí di ìgbà tí Ìyá pa àlọ́ erin.

Ọba ìlú kan ń fẹ́ erin, kò sì sí ọdẹ tó lè mú un wọ̀lú. Ìjàpá ní òun yóò mú un wá láìgbé ìbọn. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, kí wọ́n tẹ́ ẹní lé e, kí wọ́n sì gbé ìtẹ́ ọba sórí ẹní náà. Ó din àkàrà, ó rì í sínú oyin, ó gba inú igbó lọ. Ó bá erin, ó kí i, ó fún un ní àkàrà jẹ. Ó ní ọba ti wàjà, àwọn ará ìlú sì ti wò ó pé kò sí ẹni tó tóbi tó erin láti gorí ìtẹ́. Erin jẹ àkàrà, ó gbọ́ ìròyìn, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ìlú, tọmọdé tàgbà tú jáde pẹ̀lú ìlù, wọ́n ń kọrin pé erin ń bọ̀ wá jọba. Erin bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó títí dé orí ẹní.

Àwa ni ará ìlú. Ègbè tí erin ń gbọ́ tó fi ń gbé ẹsẹ̀ kan ṣíwájú èkejì, ẹnu wa ló ti ń jáde. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ìyá pa á, a gbè é tayọ̀tayọ̀, erin sì já sí kòtò kí n tó mọ̀ pé ó fẹ́ já. Mo sunkún. Nígbà tó tún fẹ́ pa á, mo gbè é díẹ̀díẹ̀ títí erin fi dé iwájú ìtẹ́, mo wá pa ẹnu mi dé, mo fi ọwọ́ bo ti àbúrò mi.

Ìyá lé orin. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gbè é.

"Àjàní, ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò gbè é?"

"N ò fẹ́ kí erin ṣubú ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí nídìí àlọ́. Ó ní, "Ó dáa. Bí ará ìlú kò bá gbè é, erin kò ní í gbẹ́sẹ̀." Ó gbé igbá rẹ̀ dìde, ó pa àtùpà, erin sì dúró sétí kòtò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó dúró jùyẹn lọ. Bí a bá tún ní kí Ìyá pa àlọ́ mìíràn lálẹ́, á ní òun kò lè fi erin sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí òun máa bá Ìjàpá lọ sóko olóko. Àlọ́ àpamọ̀ nìkan là ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi. Bí a bá ń kiri ẹ̀kọ, á máa bá mi jà lójú títì pé ebi yóò pa erin kú níbẹ̀, pé àkàrà tó jẹ ti dà nínú rẹ̀, pé èwo ló sàn, kó kú sínú kòtò tàbí kó kú lórí ìdúró? Mo ní kó padà sínú igbó. Ó ní Ìyá nìkan ló lè dá a padà. Mo lọ bẹ Ìyá. Ìyá ní, "N ò rí orin tí wọ́n fi ń dá erin padà. Bí ìwọ bá ní, lé e, èmi yóò gbè é."

N kò ní. Mo gbìyànjú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ kò ní orí, kò ní ìdí, àní àbúrò mi náà fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tí ó sú wa, a ní kí Ìyá lé ti tẹ́lẹ̀. A gbè é, ohùn mi sì wà nínú rẹ̀. Erin ṣubú.

Ìyá kì í túmọ̀ àlọ́ fún wa. Kì í sọ pé ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí á má ṣe báyìí tàbí kí á má ṣe tọ̀hún. Ìbéèrè kan ló máa ń fi tì í. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bi wá pé, "Ta ló pa erin?" Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjàpá ni. Àbúrò mi ní ọba ni. Èmi ní orin ni. Kò sọ ẹni tó gbà á. Ó ní kí á sùn.

Nílé ìwé, ìtàn kò ní ègbè. Tíṣà wa fẹ́ràn ìwé púpọ̀, òun ló kọ́kọ́ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa, èyí tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ìtàn náà wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lálẹ́. Ṣùgbọ́n ká ọwọ́ kò, ká pa ẹnu dé ni òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá dá Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, lóhùn yóò fara gba pàṣán. Inú Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ la tún ti pàdé Ìjàpá. Ìbéèrè wà fún wa níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ní ìdáhùn ni, tíṣà á sì fi báírò pupa fa igi sára èyí tí kò bá bá tirẹ̀ mu. Mo mọ̀wé nípa bẹ́ẹ̀, n kò lè ráhùn. Mo kàn mọ̀ pé nínú kíláàsì, ibi tí ìtàn ń lọ ló ń lọ, bóyá mo dáhùn tàbí n kò dáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973, ọdún náírà yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mélòó kan kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, nígbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo gbé e délé nígbà ọlidé. Ìyá kò mọ̀wé. Ó ní kí n ka ibi tí Ìjàpá wà, mo ní gbogbo rẹ̀ ni Ìjàpá wà. Iná NẸPÀ ti wọlé nígbà náà, igbá ẹ̀gúsí ṣì wà láàárín itan rẹ̀. Mo kà á débi orin, mo ń kà á lọ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ìyá dá mi dúró. "Lé e," ó ní. Mo lé e, ó sì gbè é, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé. Mo fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn án, bí ẹni pé ó lè kà á. Ó wo ojú ìwé náà dáadáa, ó ní, "Ìjàpá ibòmíràn nìyẹn. Tiwa kì í sọ bẹ́ẹ̀." A ka àlọ́ púpọ̀ nínú ìwé náà ní ọlidé yẹn, èmi olórin, òun elégbè, títí tó fi di pé èmi ni mo ń fi ègbè mọ̀ bóyá ìyá mi ti sùn. Ó sábà máa ń sùn kí n tó parí. Ẹni tó ti dìde po ògì sínú omi láti ìdájí, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Wọ́n á ní tẹlifíṣọ̀n ló pa àlọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1959, a kò sì gbúròó pé àlọ́ kú lọ́dún náà. Nígbà tí NTA bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Tales by Moonlight ní àwọn ọdún 1980, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, síbẹ̀ Ìjàpá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì jókòó yí apàlọ́ ká, wọ́n ń dá a lóhùn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n ló ń bá àwọn ọmọ inú ilé dáhùn. Àwọn tó jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì kò ní iṣẹ́ kan ju kí wọ́n máa wò lọ. Ìtàn kò sọnù. Ègbè ló kúrò lẹ́nu ọmọ.

Ọmọ mi obìnrin tó kéré jù rí àlọ́ erin lórí fóònù, nínú àwòrán tó ń rìn, tó dára, tí erin rẹ̀ ní ojú rogodo. Nígbà tí erin dé iwájú ìtẹ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwòrán dúró. Ọkàn mi sọ kúlú: fóònù náà gbà á láyè! Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, erin já wọnú kòtò, fídíò mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ láìdúró. Fóònù kò bi í pé kí ló dé tó fi dá a dúró. Èmi bi í. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gba gbogbo alẹ́ wa, ìyá rẹ̀ sì ké mọ́ wa pé ilé ìwé wà lọ́la.

Àwọn òbí tí kò tíì pé ogójì ọdún a máa sọ fún mi ní Ìbàdàn pé àwọn kò mọ àlọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ àwọn, ìyá àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ. Baba mi ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Àlọ́ kan ṣoṣo ni baba mi mọ̀, ti Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu wà nínú oko olóko. Kò lóhùn orin rárá. Ìyá lọ síbi ìsìnkú ní Ṣakí nígbà kan, ó ku Baba àti àwa. Lẹ́yìn Iṣái, ó wọlé, ó bá wa lórí ẹní tí a ń wò ó. Ó jókòó, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí, ló bá lọ gbé òwú tó fẹ́ ká wá, ó ń ká a, ó ké pé, "Àlọ́ o!" Ó pa á débi tí ẹrù iṣu ti wọ Ìjàpá lọ́rùn, tí Ajá sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wá dákẹ́.

Ó ní, "Wọ́n kọrin níbí yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Orin wo ni, Baba?"

"Orin tí wọ́n máa ń kọ ni."

A dúró. Ó ń ká òwú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i pé òótọ́ ni kò mọ̀ ọ́n, ó lé ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu, ó fi í sínú ohùn wéré tí àwọn ajísààrì fi ń jí wa nígbà ààwẹ̀. Èmi àti àbúrò mi gbè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, Baba náà dá sí i, ohùn rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún nígbà tí tiwa ń lọ sósì. Ẹ̀rín pa wá títí ará ilé kejì fi kan ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àlọ́ kan náà ló pa. Ó débi orin, ó bojú wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ó yá, orin yẹn dà?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí Ìyá fi dé.

Nítorí náà, àlọ́ kan tó. Wá nǹkan fún ọwọ́ rẹ ṣe, ìbáà ṣe aṣọ tí o fẹ́ ká tàbí ẹ̀wà tí o fẹ́ ṣà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o bá rántí. Bí o bá dé ibi tí ó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ, má ṣe wá a lórí fóònù. Bi ọmọ rẹ pé kí ni wọ́n kọ níbẹ̀. Bó bá tún ní kí o pa á lọ́la, pa á. Àlọ́ Ajá yìí nìkan ni baba mi pa fún gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó fi ayé sílẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan wa ló sì ń gbé e kiri. Títí dòní, orin rẹ̀ kò dọ́gba nínú ilé méjì.